Ara Onífèrè Kò Yá

Bí ẹ bá dé Bẹẹrẹ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ẹ rí àwọn èèyàn tí wọ́n pé lé rédíò kékeré kan lórí bí ẹni tó fẹ́ pín ẹran, ìsọ̀ Qúdrát lẹ dé yẹn. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ ló ń tà, kò sì sí aránṣọ kan láti Mápó dé Ọjà'ba tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ju òwú lọ ni pé ìbéèrè kì í já a kulẹ̀.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà nígboro tó ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní "Dá A Lóhùn". Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tóbilọ́ba ló ń ṣe é. Ohun tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í wò dáadáa ló máa ń béèrè. Ọjọ́ mélòó ni adìyẹ fi ń sàba? Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní? Kò sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀ ju kí wọ́n dárúkọ èèyàn lórí afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa ará Ìbàdàn, kí orúkọ wa jáde lórí rédíò kì í ṣe nǹkan kékeré lójú wa. Ní ìsọ̀ Qúdrát, wọ́n ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá kùnà ni yóò ra ẹ̀pà fún àwọn yòókù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣe é, Qúdrát kò ra ẹ̀pà rí.

Lọ́jọ́ kan, Tóbilọ́ba béèrè pé eyín iwájú mélòó ni ewúrẹ́ ní lókè ẹnu. Misbaudeen aránṣọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń yára ju máṣínnì rẹ̀ lọ, ní mẹ́fà ni. Comfort, obìnrin aládùúrà tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní mẹ́jọ ni. Qúdrát kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára síìpù tó ń wọ̀n.

"Kò ní ẹyọ kan," ó ní. "Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń jẹ orí ewúrẹ́, ẹ ò wo ẹnu ẹ̀ rí?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni Tóbilọ́ba sì wí. Misbaudeen ra ẹ̀pà, ó sì sọ Qúdrát ní Àlàájà Amọ̀ọ́ntán. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fojú kan Mẹ́kà.

Fàsásì, ọkọ rẹ̀, kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Molete fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, orí àga gbọọrọ ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tó ń gba ìkíni. Àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Bàbá Ajísààrì, nítorí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin Bẹ́yẹrúnkà tó máa ń fi orin kiri àdúgbò ní ìdájí nínú àwẹ̀ Ràmàdáànì, kí àwọn èèyàn lè jí jẹ sààrì. Ohùn rẹ̀ dùn nígbà náà. Èèyàn dídùn ni Fàsásì títí di òní, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ọjọ́ Ajé kan ló bẹ̀rẹ̀. Tóbilọ́ba ní òun rí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan nínú àpótí bàbá òun, òun sì fẹ́ fi ohùn kan tó wà nínú rẹ̀ ṣe ìbéèrè ọ̀sẹ̀ náà. "Irú ohun èlò wo lèyí? Ta ló sì ń fọn ọ́n? Ẹ ní títí di Ọjọ́bọ̀." Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn fèrè kan jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mì, ó ń lọ sókè ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Àkọ́díọ̀nù ni," Misbaudeen ní.

"Ó jọ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ tí iná ò sí," Comfort ní.

Ẹnìkan ní fèrè àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta áísì-kíriìmù ni. Òmíràn ní ohùn ológbò ni wọ́n fi ẹ̀rọ tún ṣe. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bú ara wọn. Wọ́n wá yíjú sí Qúdrát pé kó wá bá àwọn parí ìjà.

Síìpù tí Qúdrát ń gé fún oníbàárà, ó ti gé e kúrú. Nínú orin náà, ibì kan wà tó yẹ kí ohùn kan wà tí kò sí. Èémí kékeré kan ló wà níbẹ̀, fúù, kí orin tó máa lọ. Bí ìyá ṣe mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ ni Qúdrát ṣe mọ èémí náà. Èémí òun fúnra rẹ̀ ni, ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún.

Ó wo Fàsásì. Fàsásì ń wo tẹ̀sùbáà.

Hàmóníkà ni. Sìdí, ẹ̀gbọ́n Qúdrát, ló rà á ní Ògùnpa lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta dígí àti àdá kékeré. Sìdí fẹ́ fi ṣe fáàrí nínú ẹgbẹ́ ajísààrì, ṣùgbọ́n bó bá fi sẹ́nu, àwọn ewúrẹ́ inú agboolé á dìde sá lọ. Kò tó oṣù kan tó fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò ògì. Ògì náà gbẹ mọ́ ihò kẹrin, ihò kẹrin kú fin-ín-fin-ín, Sìdí sì sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ibẹ̀ ni Qúdrát ti mú un. Nídìí ààrò, nígbà tí iná kò tíì ràn, ó ń fà á wá, ó ń fà á lọ létè, ó ń wá orin inú rẹ̀. Nígbà tó bá dé ihò tó kú, á fi èémí fò ó kọjá. Kò pẹ́ tí fífò náà fi di adùn orin.

Fàsásì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó wá pe Sìdí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Fàsásì nígbà náà. Ó dúró lẹ́yìn ilé títí orin fi parí. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ Ọjà'ba ń fi orin na ẹgbẹ́ tirẹ̀ bí ẹni na bàrà, ó sì mọ̀ pé oògùn rẹ̀ lòun ń gbọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni? Ọmọ Ààfáà, ọmọbìnrin, kó máa bá ọmọkùnrin rìn ní ìdájí! Ààfáà yóò pa á, yóò sì rí ẹsẹ̀ kéwú tí yóò fi gbè é. Ni wọ́n bá wọ̀ ọ́ ní jalabíà Sìdí, wọ́n fi láwàní wé e títí dé imú, wọ́n ní òtútù ìdájí ni onífèrè ń sá fún. Ó ń rìn lẹ́yìn pátápátá, Sìdí lápá ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo èèyàn tó gbọ́ fèrè náà gbà pé Sìdí ló ń fọn ọ́n.

Wọ́n ṣe é fún àwẹ̀ mẹ́rin. Wàhálà rẹ̀ máa ń dé lọ́jọ́ Ìtúnu. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ Ìtúnu, ojúmọ́ kedere ni àwọn ajísààrì fi ń wọ ilé kiri, tí àwọn tí wọ́n ti ń jí yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo ilé ni wọ́n ti ń béèrè pé kí onífèrè náà bọ́ síta káwọn rí i. Fàsásì ti ní ìdáhùn kan tó dáa.

"Ara onífèrè ò yá," á ní. "A fi í sílẹ̀ nílé."

Àwọn àgbà á káàánú. Wọn á tẹ́wọ́: "Ọlọ́run á fún onífèrè yín ní àlàáfíà." Ẹgbẹ́ á ní "Àmín", wọn á gba sààráà wọn, wọn á máa lọ. Bí wọ́n bá sì dé ilé Ààfáà, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àdúà kan náà ni, Ààfáà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é. Qúdrát wà nídìí ọlọ lẹ́yìn ilé tó ń lọ ata. Á máa gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń tọrọ ìlera fún un lọ́wọ́ Ọlọ́run láìmọ̀, á ní "Àmín" sínú ata.

Ọdún kẹrin ni wọ́n gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ògùnpa, wọ́n gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Fàsásì rọra rìn títí tó fi bá Qúdrát lẹ́yìn. Ó ní, "Qúdrát, ojú ń tì mí. Orúkọ rẹ ló yẹ kó wà lára nǹkan yìí. Ọjọ́ tí Bàbá bá ti lọ, tí ọ̀rọ̀ ò ní dá ìjà sílẹ̀ mọ́, ẹnu mi yìí ni n ó fi sọ ọ́ fáyé gbọ́."

Ká má purọ́, nítorí gbólóhùn yẹn ni Qúdrát ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn tó lówó jù ú lọ wá, ó kọ̀ wọ́n. Ààfáà kú. Fàsásì ní kí ogójì ọjọ́ kọjá. Ogójì ọjọ́ kọjá, ó ní kí Bushrah ọmọ wọn ó kọ́kọ́ relé ọkọ. Sìdí kú. Bushrah relé ọkọ, ó bí ìbejì. Qúdrát kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gbà pé ọjọ́ tó bá yẹ yóò dé, ọkọ òun ò sì ní gbàgbé.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé yẹn, omi ìwẹ̀ tó ń gbé fún un kò tíì kanlẹ̀ tó fi bi í.

"Bàbá Bushrah, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ wa wá ńkọ́?"

Fàsásì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fi sílẹ̀ fún mi. Mo ti pe ọmọ náà lórí fóònù. Lọ́jọ́bọ̀, n ó lọ bá wọn níbẹ̀ fúnra mi."

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, inú Qúdrát dùn débi pé ó ń fún àwọn oníbàárà ní ènì bọ́tìnnì. Ó lọ aṣọ Fàsásì, ó rí i pé bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ti já, ó sì wá èyí tó dára jù nínú ìsọ̀, ó rán an mọ́ ọn. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ó nu rédíò, ó gbé e sórí àpótí òwú kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Ohùn Fàsásì jáde, ó tutù, ó dùn.

"Hàmóníkà ni," ó ní. "Ẹgbẹ́ ajísààrì wa ní Bẹ́yẹrúnkà ló ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Gbogbo ayé ló rò pé olóògbé Sìdí ló ń fọn ọ́n, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Kì í ṣe Sìdí o."

Qúdrát di etí àpótí mú.

"Èmi ni," Fàsásì ní.

Ariwo ta ní ìsọ̀. Comfort gbá Qúdrát mọ́ra, ó ń pariwo pé àṣé onífèrè lẹ fẹ́, ẹ ò wí fún wa! Misbaudeen ń súfèé orin náà, títí kan ibi èémí. Nínú rédíò, Tóbilọ́ba ń béèrè pé kí ló dé tí ohùn kan fi máa ń sọnù nínú orin náà.

"Àrà tèmi nìyẹn," Fàsásì ní. "Èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọn bí gbogbo ayé ṣe ń fọn."

Bẹ́ẹ̀, Fàsásì kò mọ̀ pé ògì ló wà nínú ihò kẹrin. Kò béèrè rí. Ní ogójì ọdún, kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Qúdrát jókòó sórí àga. Bí wọ́n bá jí owó rẹ̀ gbé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ké olè. Èwo ni wọ́n ń ké bí wọ́n bá jí èémí èèyàn?

Nígbà tí Fàsásì wọlé, Qúdrát kò jẹ́ kó jókòó.

"Kí lẹ sọ yẹn?"

"Ìyá Bushrah, fara balẹ̀. Ìwọ ni mo ń dáàbò bò. Ọmọ Ààfáà, kó máa bá ọkùnrin mẹ́wàá rìn ní ìdájí? Kí làwọn àna Bushrah yóò gbọ́?"

"Ẹ ò bá ní Sìdí ni. Bí gbogbo ayé ṣe rò ó tẹ́lẹ̀. Òkú ò ní wá sẹ́, kò sì ní dùn mí. Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ yín lẹ pè?"

Fàsásì tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. "Ó ti jáde lẹ́nu," ó ní. "Ẹyin lohùn. Àwọn ará rédíò ti ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Má jẹ̀ẹ́ ká tú ara wa síta."

Àwọn tó ń bọ̀ náà dé lóòótọ́. Ní aago mẹ́rin Sátidé, Tóbilọ́ba gbé máíkì wá sí Bẹẹrẹ, ó ní orí afẹ́fẹ́ làwọn wà tààrà. Ọmọ dáadáa ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Fàsásì. Ó gbé ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n fi dígí bò lé e lọ́wọ́, orúkọ Fàsásì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí kékeré kan yọ nínú àpò. Hàmóníkà tuntun ni, ó ń dán yinrin.

"Bàbá, gbogbo ìlú ń gbọ́ yín. Ẹ fọn ọ́n fún wa díẹ̀."

Fàsásì wo hàmóníkà náà bí ẹni wo ejò. Ó húkọ́. Ó fọwọ́ ra ọ̀nà ọ̀fun.

"Má bínú, ọmọ mi," ó ní. "Ara mi ò yá."

Wọ́n káàánú rẹ̀. Àgbàlagbà kan láàárín èrò tẹ́wọ́, gbogbo wọn sì tẹ́ ẹ tẹ̀lé e. "Ọlọ́run á fún Bàbá onífèrè wa ní àlàáfíà."

"Àmín," gbogbo Bẹẹrẹ dáhùn.

Ẹnu Qúdrát ti ń yà láti ní "Àmín" kó tó mọ̀. Ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ ò gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Ibẹ̀ ni inú ti bí i. Ó dìde, àwọn bọ́tìnnì tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri, ó sì na ọwọ́ sí Tóbilọ́ba.

"Gbé e wá."

Ó fi sẹ́nu. Irin náà tutù, ó tóbi díẹ̀ ju ti Sìdí lọ. Ó gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lọ sókè pẹ̀lú rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé ihò kẹrin, ihò kẹrin èyí tó wà láàyè, tí kò sí ògì kankan nínú rẹ̀, ètè rẹ̀ fò ó. Fúù. Orin ń lọ.

Misbaudeen gbé ọwọ́ lé orí. Títí kan àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n pa ẹ̀rọ. Nígbà tí orin parí, Qúdrát wo Fàsásì. Ó rí i pé ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé yóò sọ ọ́ báyìí, pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù.

Tóbilọ́ba ló kọ́kọ́ ríhun sọ. Ó fò sókè.

"Ẹ̀yin ará! Ẹ wo ohun tí ọkọ lè kọ́ ìyàwó rẹ̀! Gẹ́lẹ́ bíi ti Bàbá ló ṣe fọn ọ́n!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Fàsásì. Tóbilọ́ba sáré gbé máíkì sẹ́nu Qúdrát. "Ìyá, wọ́n ní kò sí ìbéèrè tẹ́ ẹ̀ ń kùnà. Ta ló kọ́ yín ní fèrè yìí?"

"Ọkọ mi ni kó o bi," Qúdrát ní. Kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Òun ló mọ̀ ọ́n."

Máíkì dé ọ̀dọ̀ Fàsásì. Ó wo Qúdrát. Ó wo ìwé ẹ̀rí tó wà nínú dígí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún fìlà ṣe.

"Mo gbìyànjú lórí ẹ̀ o," ó ní. "Ó tó ọdún méjì kó tó mọ̀ ọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Misbaudeen kò bá wọn rẹ́rìn-ín dáadáa, ṣùgbọ́n àwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó ní, "Àlàájà Amọ̀ọ́ntán, wọ́n bi yín léèrè, ẹ ò dá a lóhùn. Ẹ̀pà dà?"

Qúdrát tú etí ìró rẹ̀, ó mú owó, ó ra ẹ̀pà fún gbogbo wọn. Ó ka orí wọn dáadáa kí ó má baà fo ẹnikẹ́ni. Ó fún Fàsásì náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣa bọ́tìnnì rẹ̀ nílẹ̀, ó kó ọjà, ó sì lọ sílé ṣáájú.

Fàsásì dé kí wọ́n tó pe ìrun Mágíríbì. Ó kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀, ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́, ó súnmọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn wò ó. Ó jókòó. Ó retí kí àwo ó dún. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ìyá Bushrah, oúnjẹ ńkọ́?"

Ohùn Qúdrát wá láti iyàrá, ó balẹ̀, kò le rárá.

"Ara olóúnjẹ ò yá," ó ní. "Ẹ bá a ṣàdúà."

Fàsásì ṣí ẹnu. Ó mọ àdúà náà dáadáa, ó ti gbọ́ ọ ní gbogbo ilé tó wà ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní kí Ọlọ́run ó fún un ní àlàáfíà. Ó dúró de Àmín. Kò sí ẹni tó ṣe é.